Ṣé ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ rí lè dá ẹjọ́ ìrẹ́jẹ? Ọ̀rọ̀ Adájọ́ Constance Baker Motley

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé ọjọ́sí lórí Constance Baker Motley. Nǹkan kan ṣì ń kọ mí lóminú. Obìnrin yìí fi ogún ọdún gba ẹjọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú rò, wọ́n wá fi í jẹ adájọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe máa gbọ́ ẹjọ́ láìgbè sẹ́yìn ẹnìkan? Bí kò bá sì gbè sẹ́yìn ẹnìkan lóòótọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi ipò dí i lẹ́nu ni?"

* * *

Àbúrò, ìbéèrè méjì lo so pọ̀ yìí, ẹsẹ̀ wọn ò sì dọ́gba. Kí n kọ́kọ́ rán àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn létí ẹni tí à ń sọ.

Ọdún 1921 ni wọ́n bí i ní New Haven, ìpínlẹ̀ Connecticut. Erékùṣù Nevis ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọmọ méjìlá ni wọ́n bí, òun ni ìkẹsàn-án. Bàbá rẹ̀ ń se oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yale, owó yunifásítì ò sì sí nílé. Àfi ìgbà tí oníṣòwò aláwọ̀ funfun kan, Clarence Blakeslee, gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ níbi ìpàdé kan, tó ní òun á rán an níwèé. Ó gboyè òfin ní Columbia lọ́dún 1946, ṣùgbọ́n kó tó jáde níbẹ̀ ló ti ń bá lọ́yà Thurgood Marshall ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka agbẹjọ́rò NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Òun ló kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ àkọ́kọ́ nínú ẹjọ́ Brown, èyí tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ lọ́dún 1954 pé yíya ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ lòdì sí òfin ilẹ̀. Òun ló rojọ́ fún James Meredith, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ̀ láti gbà wọlé, títí tó fi wọ Yunifásítì Mississippi lọ́dún 1962. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló dúró níwájú ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó borí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ẹyọ kan tó pàdánù, lórí bí wọ́n ṣe ń yọ aláwọ̀ dúdú kúrò láàárín àwọn júrì (ìyẹn àwọn aráàlú tí wọ́n ń yàn láti sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi), ilé-ẹjọ́ yẹn fúnra rẹ̀ yí ohùn padà lórí rẹ̀ lọ́dún 1986.

Oṣù kìíní 1966 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fi orúkọ rẹ̀ ṣọwọ́ sí ilé aṣòfin àgbà pé kó di adájọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ tó wà fún apá gúúsù New York. Oṣù kẹjọ ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Sẹ́nétọ̀ tó ń darí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ orúkọ àwọn adájọ́ wò ni James Eastland. Ọmọ Mississippi ni, ìpínlẹ̀ tí Motley ti gba ẹjọ́ Meredith mọ́ lọ́wọ́. Kò tíì sí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ adájọ́ ìjọba àpapọ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ ojúsàájú. Ìbéèrè tí o bi mí yìí, wọ́n bi òun náà, ojúkojú, inú kóòtù rẹ̀ ni wọ́n sì ti bi í.

Lọ́dún 1975, ẹjọ́ kan bọ́ sí i lọ́wọ́: lọ́yà obìnrin kan pe ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńlá kan ní New York lẹ́jọ́ pé wọ́n ń fi obìnrin sẹ́yìn tí wọ́n bá ń gbani síṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí Motley yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Wọ́n ní obìnrin ni, aláwọ̀ dúdú ni, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbèjà àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, nítorí náà ọkàn rẹ̀ ò lè wà láàárín méjì.

Kò yọwọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ tèmi sọ ohun tó kọ: kò sí adájọ́ nínú kóòtù yìí tí kò ní ẹ̀yà, kò sí èyí tí kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti ṣe iṣẹ́ lọ́yà kí wọ́n tó débí. Bí ìyẹn bá tó láti fi lé adájọ́ dìde, kò ní ṣẹ́ ku ẹnìkan tó máa gbọ́ ẹjọ́ náà.

Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Àwọn tó ní kó dìde, ta ni wọ́n fẹ́ kó wá jókòó síbẹ̀? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni, torí àwọn ló kún kóòtù nígbà yẹn. Àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ńkọ́, kì í ṣe ọkùnrin ni? Kò sẹ́ni tó rò pé ọkùnrin lè gbè sẹ́yìn ọkùnrin. Ohun tó máa ń bí mi nínú nìyẹn: tiwọn kì í ní orúkọ, tìrẹ nìkan ni wọ́n ń pè ní ojúsàájú.

Ẹnìkan kọ̀wé nísàlẹ̀ pé ṣé kò wá sí ìgbà tí adájọ́ gbọ́dọ̀ dìde ni. Ó wà. Bí aya rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ bá wà nínú ẹjọ́, kó dìde. Bó bá ti ṣiṣẹ́ lórí ẹjọ́ yẹn gan-an rí nígbà tó ṣì jẹ́ lọ́yà, kó dìde. Bó bá ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kó dìde. Owó, ẹbí, iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn. Àwọ̀ ara ò sí níbẹ̀.

* * *

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ níbí ní Amẹ́ríkà, Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. N kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni síta, n ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo lè sọ láìdárúkọ ẹnìkan, torí òun ló mú mi gba ohun tí mo gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n ti dá bàbá kan lẹ́bi, iye oṣù tó máa lò lẹ́wọ̀n ló kù tí adájọ́ máa kéde. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, òfin ní kí adájọ́ fúnra rẹ̀ bi ẹni náà bóyá ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo sọ ìbéèrè náà sí bàbá létí. Kò fèsì. Ó ti àga sẹ́yìn, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò mọ̀. Kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀, ẹni méjì ti dìde, ọ̀kan ti fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. Adájọ́ na àtẹ́lẹwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró, ó yíjú sí mi, ó ní: "Ògbufọ̀, kí ló ń ṣe yẹn?"

Nínú iṣẹ́ wa, ohun tí ẹnu bá sọ là ń túmọ̀, a kì í ṣàlàyé ìṣe. Ṣùgbọ́n adájọ́ ló bi mí. Mo ní bí ọkùnrin ṣe ń kí àgbà lọ́dọ̀ wa nìyẹn, bó sì ṣe ń tọrọ àforíjì nìyẹn. Gbogbo yàrá dákẹ́. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé iwájú rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún un láyè. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Adájọ́ ò tìtorí ìdọ̀bálẹ̀ dín oṣù kankan kù, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ létí wa. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tó wà níwájú òun kó tó sọ̀rọ̀ ni. Àbúrò, bó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ló jókòó lórí àga yẹn, kò ní nílò kó bi mí léèrè. Ṣé a máa wá sọ pé ó ti ṣojúsàájú torí pé ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí?

Mo ti bá òdìkejì rẹ̀ pàdé náà. Adájọ́ kan wà tí kì í ní sùúrù fún ògbufọ̀. Ìyá kan tó wá jẹ́rìí sọ gbólóhùn mẹ́fà, adájọ́ yìí ní kí n fi méjì sọ ọ́ ká lè máa lọ. Mo ní n ò lè gé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Ojú rẹ̀ le sí mi títí a fi tú ká lọ́jọ́ náà. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, àwọn baba wa ti sọ ọ́. Ẹni tó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnìkan ńkọ́? Síbẹ̀ n ò rí lọ́yà tó ní kí adájọ́ yìí dìde torí ibi tí wọ́n ti bí i.

* * *

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí "wọ́n fi ipò dí i lẹ́nu", torí ibẹ̀ ni ẹ pọ̀ sí. Ẹnìkan tiẹ̀ pòwe fún mi pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ogun ṣì ń jó lóde, akọni obìnrin lọ jókòó, ó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè àti ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi.

N ò ní purọ́, òótọ́ wà níbẹ̀. Adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í yan ẹjọ́. Kèké ni wọ́n fi ń pín in, èyí tó bá sì bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ni tìrẹ: oògùn olóró, àdéhùn ìṣòwò, owó orí, ẹni tó jí iṣẹ́ ọpọlọ ẹlòmíràn. O ò gbọ́dọ̀ dáwó fún olóṣèlú, o ò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ fún oníròyìn. Fún ẹni tó ti jẹ́ aṣòfin ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún 1964, tó ti jẹ́ olórí àgbègbè Manhattan lọ́dún 1965, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ò kéré.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó fi ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ṣe.

Martin Sostre, ẹlẹ́wọ̀n ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n ti òun nìkan mọ́ àhámọ́ fún ọjọ́ 372. Ó kọ ìwé pe àwọn aláṣẹ lẹ́jọ́. Lọ́dún 1970, Motley ní ìyà náà ti kọjá èyí tí òfin ilẹ̀ fàyè gbà. Ó wá ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: dọ́là 25 fún ohun tí ojú ọkùnrin náà rí, dọ́là 10 lé e láti fi jẹ àwọn tó ṣe é níyà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 13,020. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gé lára ìdájọ́ náà, wọ́n fi apá kan sílẹ̀. N ò mọ bó ṣe rí lára yín, ṣùgbọ́n èmi kì í lè ka ìṣirò yẹn kí n má dúró. Ọjọ́ 372, ó kà wọ́n. Ẹni tí wọ́n dí lẹ́nu kì í ka ọjọ́ ẹlẹ́wọ̀n.

Ó tún ku èyí tí àwọn olólùfẹ́ eré ìdárayá mọ̀ ọ́n sí. Lọ́dún 1977, àwọn aláṣẹ baseball ò jẹ́ kí Melissa Ludtke, akọ̀ròyìn Sports Illustrated, wọ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ àwọn eléré ní Yankee Stadium. Ibẹ̀ sì ni àwọn akọ̀ròyìn ọkùnrin ti ń rí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àwọn eléré nígbà tí eré bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tí ara ṣì gbóná. Ní oṣù kẹsàn-án 1978, Motley ní ìlú New York ló ni pápá náà, ẹgbẹ́ Yankees kàn gbà á háyà ni, wọn ò sì lè fi dúkìá ìjọba ṣòwò kí wọ́n tún fi ti obìnrin síta. Ìhòòhò tí wọ́n ń fi ṣe àwáwí ńkọ́? Ó ní kí wọ́n ta aṣọ ìkélé, tàbí kí wọ́n ró táwẹ̀lì. Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn nítorí táwẹ̀lì. Wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ ìwà àti àṣà bolẹ̀ títí, òun wá rí i pé táwẹ̀lì lásán ló máa yanjú ẹ̀.

* * *

Ẹnìkan yí ọ̀rọ̀ padà: "Ẹni tí kò sẹ́ni tó lè lé e lẹ́nu iṣẹ́ títí ikú, kí ni kò ní jẹ́ kó hu ìwà tó bá wù ú?"

Ìbéèrè tó dáa ni, bó tiẹ̀ gbé wa yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Ìwé òfin Amẹ́ríkà ní àwọn adájọ́ yìí á wà lórí àga níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń hùwà rere, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ dín owó wọn kù. Lọ́dún 2024, owó ọdún adájọ́ ìpele yìí jẹ́ dọ́là 243,300. Kí wọ́n tó lè yọ ọ́, ilé aṣojú gbọ́dọ̀ fẹ̀sùn kàn án, ilé aṣòfin àgbà á wá dá a lẹ́bi. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, adájọ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n ti yọ báyìí. John Pickering ti New Hampshire ni àkọ́kọ́, lọ́dún 1804. Thomas Porteous ti Louisiana ló kẹ́yìn, lọ́dún 2010. Mẹ́jọ kéré, mo gbà. Mo ti rí adájọ́ tó yẹ kí àgbà pè sí kọ̀rọ̀ kó bá wí.

Síbẹ̀ n ò ní kí wọ́n yí i padà, ẹni tó sì jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni J. Waties Waring.

Ọmọ bíbí Charleston ní South Carolina ni, aláwọ̀ funfun, wọ́n bí i lọ́dún 1880. Bàbá rẹ̀ jagun fún àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tí kò fẹ́ kí ìfiniṣẹrú parí. Bí a bá fẹ́ fi orísun ènìyàn díwọ̀n ìdájọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tí ì bá fi ẹjọ́ aláwọ̀ dúdú síwájú rẹ̀. Lọ́dún 1947, ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń darí ìpínlẹ̀ náà ò lè yọ aláwọ̀ dúdú kúrò nínú ìbò abẹ́lé. Lọ́dún 1951, adájọ́ mẹ́ta jókòó lórí ẹjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Clarendon County. Méjì ní kí ìyapa máa bá a lọ. Òun nìkan kọ̀wé pé ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ni àìdọ́gba. Ẹjọ́ yẹn kan náà wà lára àwọn tí wọ́n dà pọ̀ di Brown, èyí tí ọwọ́ Motley wà nínú rẹ̀.

Kí ló fi jẹ? Àwọn tí wọ́n jọ dàgbà pa á tì, wọn ò kí i mọ́. Wọ́n dáná sun àgbélébùú nítòsí ilé rẹ̀, bí àwọn tó kórìíra aláwọ̀ dúdú ṣe máa ń halẹ̀ mọ́ni níbẹ̀, wọ́n sọ òkò wọ fèrèsé rẹ̀. Lọ́dún 1952, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kó lọ sí New York. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n a sábà máa ń rò pé àwọn tó ń jà nìkan ni òwe náà ń bá wí. Bí àwọn aráàlú yẹn bá ní agbára àtilé e lẹ́nu iṣẹ́, ṣé ẹ rò pé ì bá wà lórí àga ní 1951 láti kọ ohun tó kọ?

Ẹni tó ní adájọ́ ń ṣe bó ṣe wù ú, kó rántí pé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà lókè rẹ̀, òun ló gé ìdájọ́ Sostre yẹn. Kó sì rántí pé láti 1987 ni ìwé ìlànà ti ń sọ fún wọn iye oṣù tó yẹ ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan. Ọdún 2005 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó ní kó di ìmọ̀ràn.

* * *

Mo padà sọ́dọ̀ rẹ, Àbúrò, torí o tún kọ̀wé pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì sọ bóyá ó gbè sẹ́yìn àbí kò gbè."

Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ ni pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti wá là ń wò. Waring wá láti ilé àwọn tó jagun fún ìfiniṣẹrú, Motley wá láti ilé ẹni tó ń se oúnjẹ fún ọmọ olówó. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe: wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ tọ̀tún tòsì, wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi dá ẹjọ́ bí wọ́n ṣe dá a, kí ẹni tó bá fẹ́ tako ó rí ohun tó máa tako. Ìwé ni mo fi ń mọ̀ bóyá adájọ́ gbè. Ka ohun tó kọ. Bó bá fo ọ̀rọ̀ ẹni tó pàdánù, tó ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ ọ, ó gbè. Bó bá dá a lóhùn lẹ́sẹẹsẹ, a lè sọ pé ó ṣìnà, ṣùgbọ́n a ò lè sọ pé kò gbọ́.

Motley di olórí àwọn adájọ́ kóòtù rẹ̀ lọ́dún 1982. Lọ́dún 1986 tó pé ẹni ọdún 65, òfin gbà á láyè kó fi àga sílẹ̀ kó sì máa gba owó rẹ̀ lọ. Ó bọ́ sí ipò àgbà, ìyẹn ni pé iṣẹ́ dín kù, àyè ṣí fún adájọ́ tuntun, òun náà ò sì kúrò ní kóòtù. Oṣù kẹsàn-án 2005 ló kú, ẹni ọdún 84, adájọ́ ni títí dọjọ́ náà. Ọdún mọ́kàndínlógójì.

O bi mí pé ṣé mo lè jẹ́ kó gbọ́ ẹjọ́ tèmi, bí mo bá jẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Ìbéèrè tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, mo sì ti rò ó lálẹ́ àná kí n tó sùn. Àyà mi á já, mi ò ní sẹ́. Mo mọ̀ pé kò ní sí irọ́ kan tí mo lè pa tí kò tíì gbọ́ rí ní Mississippi tàbí ní Georgia. Ṣùgbọ́n n ò ní ní kí lọ́yà mi kọ̀wé pé kó dìde.

Ẹ̀yin yòókù, tí ẹ bá wà ní ipò yẹn, ṣé ẹ̀yin máa kọ̀wé?